Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olóògùn kẹ́míìsì ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ṣúgà tó ń já

Sí Alága, àwọn ìgbìmọ̀ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àwọn olùta oògùn kẹ́míìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ ń ta oògùn ní Takie, ní Ọjà Ọba, ní Sábó, ní Arówómọlé, títí dé àwọn abúlé Oríire àti Sùúrùlérè, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àìsùn, nítorí mo mọ̀ pé nígbà tí gbogbo ìlú bá ti ti ìlẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀bù yín ni iná máa ń wà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo fi ọdún 31 tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní wọ́ọ̀dù, mo ti bá púpọ̀ nínú yín ra oògùn, mo ti bá yín ná owó rẹ̀ títí ẹ fi rẹ́rìn-ín, nítorí náà kì í ṣe ọ̀tá yín ló ń kọ̀wé yìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ẹyọ kan lọ: oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀ tí ẹ ń tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe nà án sí ẹnikẹ́ni mọ́ láìsọ fún un pé ṣúgà lè já wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, àti ohun tí yóò ṣe bí ó bá já.

Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà, kò sì fún wọn ní wàhálà kankan. Ní ọjọ́ Sátidé kan, oògùn tán, wọ́n sì rán ọmọ-ọmọ wọn sí ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ilé. Metformin ti tán níbẹ̀ pẹ̀lú. Olóògùn náà, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò, fi síṣọ́ọ̀sì gé glibenclamide mẹ́wàá fún ọmọ náà, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Daonil, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, kí Màmá máa lò ó bí wọ́n ti ń lo ti tẹ́lẹ̀, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá dá ọkà padà. Wọ́n ní ẹnu àwọn kò gba oúnjẹ. Wọ́n mu ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀, wọ́n gbé oògùn wọn mì, wọ́n lọ sùn.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù ní ìdájí nígbà tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi. Nígbà tí mo dé yàrá Màmá, ìrọ̀rí wọn tutù rìnrìn bí ẹni pé a ti inú odò yọ ọ́, aṣọ tí wọ́n fi bora ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń mú níta débi pé ètè ń bó. Wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ti ọwọ́ mi dànù, wọ́n ní ta ni mí. Àbúrò mi ọkùnrin ti gbé òróró àdúrà dé, ìyàwó rẹ̀ ní ibà ló gun orí, ẹnìkan láti ojúlé kejì ní kí a má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, nítorí irú nǹkan báyìí kì í ṣe ojú lásán. Èmi ńkọ́? Èmi nọ́ọ̀sì ọdún 31 ń tú àpò kiri, mo ń wá tẹ̀mómítà. Ibà ni èmi náà ń wá! Ọmọ tó ra oògùn, ọmọ ọdún 16, ló lọ mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà láti inú dúrọ́ọ̀ mi tó gbé e lé mi lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Mo gún Màmá ní ìka. 34 ló yọ lójú ẹ̀rọ náà.

Fún ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà yìí, ara tó dá, tí kò tíì jẹun láàárọ̀, máa ń wà láàárín 70 sí 100 lórí ẹ̀rọ tí a ń lò níhìn-ín. Bí ó bá ti lọ sábẹ́ 70, ṣúgà ti ń já, ó sì yẹ kí a ti dìde sí i. Bí ó bá lọ sábẹ́ 54, ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọpọlọ nìyẹn. Màmá wà ní 34, wọn kò sì lè gbé nǹkan mì mọ́. Ọkọ̀ aládùúgbò la fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi ṣúgà sí wọn ní iṣan, kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí wọ́n fi lajú, tí wọ́n fi ọwọ́ kan orí, tí wọ́n béèrè pé ta ló ṣí gèlè àwọn láàárín àwọn ọkùnrin. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ní kí a máa lọ sílé, ó ní òwúrọ̀ ti mọ́. Dókítà kọ̀. Ó ní kí a mú oògùn tí Màmá lò wá, nígbà tí mo sì yí káàdì oògùn náà padà, síṣọ́ọ̀sì ti gba orí orúkọ kọjá. Ohun tó kù níbẹ̀ kò ju lẹ́tà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn orúkọ náà lọ, "mide". Àfi ìgbà tí mo tẹ ọmọ náà nínú dáadáa ni a tó mọ ohun tí ó jẹ́. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́yìn tí Màmá ti jẹ ìrẹsì tán, tí wọ́n ti ń bá wa ṣeré, ṣúgà tún já sí 49. Oògùn náà ṣì wà nínú ara wọn, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Òru méjì ni a sùn síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ìdí tí gbogbo wa fi fọ́jú ní ìdájí ọjọ́ náà, mo sì rò pé mo ti rí apá kan rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni àwọn bàbá wa pe àìsàn yìí, nítorí ẹni tó ní in máa ń tọ̀ títí ara yóò fi gbẹ. Ìtọ̀ ṣúgà ni a ń pè é báyìí, nítorí àwọn èèrà tí wọ́n rí lórí ìtọ̀. Orúkọ méjèèjì, ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń sọ. Orí rédíò, orí àga ìwàásù, nínú ìpàdé ẹbí, ohun kan náà ni à ń gbọ́: ẹ sá fún ṣúgà. Ṣúgà tó wálẹ̀ jù kò ní orúkọ lẹ́nu wa rárá, nítorí náà, bí ó bá dé, orúkọ nǹkan mìíràn ni à ń fún un. A óò ní òòyì ni, tàbí gìrì, tàbí wárápá. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni, a óò ní ó ti mutí. Bí ó bá jẹ́ arúgbó, a óò ní ọjọ́ ogbó ti dé. Bí kò bá yé wa rárá, a óò ní ayé ti ṣe é. Ní wọ́ọ̀dù, láàárín ara wa, "ṣúgà ti já" ni a máa ń sọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ gba orúkọ yìí lọ́wọ́ mi, kí ẹ máa fi í fún àwọn oníbàárà yín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu olóògùn rẹ̀, yóò rántí rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn ló yẹ kí ẹ mọ inú rẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ ń jẹ, kò sì ní àká tí ó ń kó tirẹ̀ pamọ́ sí. Ohun tó bá ń kọjá nínú ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí náà ló ń mú. Ẹ̀dọ̀ ni ó ní àká, òun ló sì máa ń tú ṣúgà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a bá ń sùn tàbí tí a kò bá rí oúnjẹ jẹ. Insulin ni ó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ara. Nínú ara tó dá, bí ṣúgà bá ti ń lọ sílẹ̀, insulin yóò dáwọ́ dúró. Glibenclamide àti àwọn ẹbí rẹ̀, ìyẹn glimepiride, gliclazide àti chlorpropamide àtijọ́, kì í jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró: wọ́n ń fi ipá mú ara tu insulin jáde, yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí a rán lọ sọ́jà pé kí ó máa kó gbogbo àgbàdo tó bá rí. Bí ọjà kún, bí ọjà ṣófo, kíkó ni yóò máa kó. Metformin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó máa ń bá wí jù, pé kí ó má ṣe tú ṣúgà jáde ju bó ti yẹ lọ, kì í fi ipá tu insulin, òun nìkan kì í sì í sábà mú kí ṣúgà já. Nítorí náà, ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni wọ́n. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ìwà wọn yàtọ̀.

Bí a ṣe rí ẹbí glibenclamide yìí fúnra rẹ̀ tó ìtàn. Ní ọdún 1942, ní ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, dókítà kan tí ń jẹ́ Marcel Janbon ń fi oògùn sulfa tuntun kan, irú oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn, tọ́jú àwọn tó ní ibà táífọ́ọ̀dù. Dípò kí ara wọn yá, gìrì mú àwọn kan nínú wọn, àwọn kan tilẹ̀ kú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣúgà wọn ni ó já. Auguste Loubatières, tó wà ní ìlú kan náà, ló wá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi hàn pé oògùn irú èyí lè wúlò fún àwọn tí ṣúgà wọn pọ̀ jù. Ẹ rí i pé jíjá ṣúgà kì í ṣe àléébù tó ṣèèṣì bá oògùn yìí lọ́nà. Òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ rí, kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wúlò. Ìtàn náà ló fà á tí Septrin, tí ẹ ń tà fún àìsàn inú àti ti ìtọ̀, fi lè dá kún agbára glibenclamide, nítorí ọmọ sulfa ni òun náà. Ti insulin pàápàá kò jìnnà sí i. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ara ehoro ni wọ́n fi ń wọn yúnìtì rẹ̀: iye tó lè fa ṣúgà ehoro wálẹ̀ débi tí gìrì fi lè mú un. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé a ti gbàgbé èyí nígbà tí à ń kà á fún aláìsàn pé ogún yúnìtì láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́.

Fún àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i. Glibenclamide lè ṣiṣẹ́ nínú ara fún odindi ọjọ́ kan, kíndìnrín sì wà lára àwọn tó ń bá wa lé àjẹkù rẹ̀ jáde. Kíndìnrín arúgbó kò yára mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé oògùn kòṣeémánìí wọn pé glibenclamide kò yẹ ẹni tó ti kọjá 60 ọdún, àwọn dókítà tó ń tọ́jú àgbà ní Amẹ́ríkà náà sì kà á mọ́ àwọn oògùn tó yẹ kí àgbà yẹra fún. Síbẹ̀ òun ni ó pọ̀ jù lórí pẹpẹ yín, nítorí pé owó pọ́ọ́kú ni. N kò bá yín jà lórí èyí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wo ojú ẹni tó dúró níwájú yín kí ẹ tó gé káàdì.

Àwọn wo ni ṣúgà wọn ń já ní ìlú wa? Ẹ mọ̀ wọ́n ju bí mo ti mọ̀ wọ́n lọ. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ni, tó gbé oògùn mì ní aago mẹ́fà kí ọkọ̀ má baà fi í sílẹ̀, tó ní òun yóò jẹun bí òun bá dé ìsọ̀, tí oníbàárà kò sì jẹ́ kí ó jókòó di ọjọ́kanrí. Bàbá tó lọ ṣa kajú lóko ní Oríire ni, tó fi gbogbo òwúrọ̀ tẹ̀ríba lábẹ́ igi. Ara tó ń ṣiṣẹ́ agbára ń jẹ ṣúgà, ó sì lè máa jẹ ẹ́ nìṣó títí di òru ọjọ́ náà, tó fi jẹ́ pé ojú oorun ni ṣúgà bàbá náà yóò já sí. Ẹni tí wọ́n ti fi oúnjẹ dẹ́rù bà ni, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fojú kan àmàlà, kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyán, tó wá ń fi ẹ̀wà ṣíbí mẹ́ta àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kan gbé ọjọ́ mọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni iye oògùn rẹ̀ kò dín. Mo ti rí irú wọn tó rù bí igi, tí gbogbo ẹbí ń yìn pé ó mọ ara rẹ̀ ṣọ́.

Àwọn aláàwẹ̀ ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, àdúrà kì í sì í tán lẹ́nu wa. Nínú oṣù kìíní, ọ̀pọ̀ ìjọ a máa gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21. Ní Ramadan, a óò gbà á fún oṣù kan. Kùráánì fúnra rẹ̀ yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀, n kò sì tíì rí pásítọ̀ olóòótọ́ tí yóò ní kí aláìsàn ọmọ Ọlọ́run pa ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun yóò gbà á, kí ó kọ́kọ́ lọ bá dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n yí iye oògùn àti àkókò rẹ̀ padà. Kí ó máa gún ìka rẹ̀ wò lọ́sàn-án. Bí ó bá ti rí i pé ó wà lábẹ́ 70, kí ó já ààwẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kí ó máa wo oòrùn pé ó kù díẹ̀ kó wọ̀. Àwọn tó ń ra oògùn lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ kejì tí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kì í ná yín ní kọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ta oògùn ibà ju gbogbo oògùn yòókù lọ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ibà tún dá dùbúlẹ̀, tó ń bì, tí kò lè jẹun, tó sì ń lo glibenclamide rẹ̀ bí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, ewu ni ó wà. Bí wọ́n bá tún wá fún un ní quinine, ewu náà di méjì, nítorí quinine fúnra rẹ̀ a máa tu insulin jáde. Ọtí líle pẹ̀lú, yálà ògógóró tàbí ti inú ìgò, kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ráyè ṣe ṣúgà tuntun nígbà tí èyí tó kó pamọ́ bá ti tán, pàápàá bí inú bá ṣófo. Ní ti àgbo, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí ó má mu ewúro. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu ife àgbo ṣúgà láàárọ̀ tó tún gbé oògùn òyìnbó lé e lórí, kò mọ iye tí òun lò. Àgbo kò ní mílígíráàmù lára ìgò. Àwọn tó ń lo propranolol tàbí atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, ẹ ṣọ́ wọn, nítorí oògùn wọ̀nyí máa ń bo àmì ṣúgà tó já mọ́lẹ̀: ọwọ́ lè má gbọ̀n, àyà lè má já. Òógùn ara ni kì í sábà ṣeé bò.

Bí àmì náà ti rí gan-an kò ṣòro láti mọ̀. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bo iwájú orí, àyà á máa lù kìkì, ebi òjijì á dé, orí á máa fọ́, ojú á ṣú. Lẹ́yìn náà ni ìwà yóò yí padà: onísùúrù yóò di oníbìínú, ẹni tó mọ owó kà yóò máa ka ṣéńjì ní ìgbà mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ lójú oorun, àlá burúkú, aṣọ tó tutù fún òógùn, àti orí fífọ́ láàárọ̀ ni yóò fi hàn. Bí oníbàárà tí ẹ mọ̀ sí onítọ̀ ṣúgà bá dé sí ṣọ́ọ̀bù yín báyìí, tó ń laágùn lábẹ́ fáànù tó sì ń pariwo mọ́ yín pé kí ẹ tètè fún òun ní oògùn ibà, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì tà á ní nǹkan kan. Ẹ fi í jókòó. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ, ẹ wọ̀n ọ́n. Yálà ẹ ní ẹ̀rọ tàbí ẹ kò ní, ẹ fún un ní kúùbù ṣúgà mẹ́rin, tàbí ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà nínú omi díẹ̀, tàbí ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà nínú, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ "zero" sí lára. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì bọ̀ sípò, ẹ tún un ṣe. Nígbà tó bá bọ̀ sípò tán ni kí ó wá jẹ búrẹ́dì tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, kí ṣúgà náà má baà tún sá lọ. Ẹ̀pà àti ṣokoléètì kò wúlò ní wákàtí yẹn, ọ̀rá inú wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè dé inú ẹ̀jẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní, onítọ̀ ṣúgà, ṣé kí á tún fún un ní ṣúgà? Ìbéèrè yìí ti pa ènìyàn. Mo ti rí i níbi tí ìyàwó ti dì mọ́ àpò ṣúgà, tí kò jẹ́ kí aládùúgbò fi kan ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, nítorí dókítà ti sọ fún un láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn pé ṣúgà ni ọ̀tá. Ẹ rò ó báyìí: bí ó bá jẹ́ pé ṣúgà ló ga tẹ́lẹ̀, kúùbù mẹ́rin yóò gbé e sókè díẹ̀ sí i, a óò sì tún rí i tọ́jú lọ́la. Bí ó bá jẹ́ pé ó já ni, tí a kò sì fún un, a lè má rí ọ̀la. Nítorí náà, nígbà tí ojú kò bá mọ̀, tí ẹ̀rọ kò sí, tí ẹni náà ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un. Ẹni tí kò bá mọra mọ́ nìkan ni kí ẹ má fi ohunkóhun sí lẹ́nu, ì báà jẹ́ ṣúgà, ì báà jẹ́ omi, ì báà jẹ́ epo pupa, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Ẹ dá a lé ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ glibenclamide ni ó lò, kódà bí ó bá lajú tó ń ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ sọ fún ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n ṣì gbé e lọ, nítorí ó lè tún já, bí ti Màmá mi.

Mo wá dé orí ohun tí mo ń béèrè gan-an. Mo mọ̀ pé ìwé àṣẹ kẹ́míìsì tí Àjọ Pharmacy Council of Nigeria ń fún yín kò bo oògùn tó nílò ìwé dókítà, oògùn ṣúgà sì wà lára wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀. Mo sì tún mọ̀ pé aláìsàn tí kò rí owó káàdì ilé ìwòsàn, tí ìlà gígùn sì ti sú, ọ̀dọ̀ yín ni yóò wá, bó pẹ́ bó yá. N kò ní ṣe bí ẹni tí kò gbé ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹ ṣe láé, ìyẹn ni kí ẹ fi oògùn ṣúgà kan rọ́pò òmíràn nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ti tán. Bí ó bá tán, ẹ sọ pé ó tán, kí ẹ júwe ibi tí ó wà. Ọjọ́ méjì láìsí metformin kò léwu tó alẹ́ kan pẹ̀lú oògùn tí a kò mọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi síṣọ́ọ̀sì gba orí orúkọ oògùn kọjá mọ́. Ibi tí orúkọ àti ọjọ́ ìparí bá wà, kí ó bá aláìsàn lọ. Bí ẹ bá gé e, ẹ fi báírò kọ ọ́ sára bébà: "Ẹ má lo èyí bí ẹ kò bá ní í jẹun." Fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ ya àwo kan, kí ẹ ya oògùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fà wọ́n pọ̀ mọ́ra, mo ti dán an wò fún àwọn ìyá ní Masífà, ó yé wọn ju ìwàásù mi lọ. Kí ẹ tó gba owó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, bóyá wọ́n ń gbààwẹ̀, àgbo wo ni wọ́n ń mu, oògùn mìíràn wo ni wọ́n ń lò, àti bóyá wọ́n ti sọ fún wọn rí pé kíndìnrín wọn kò dára. Ẹ sọ fún wọn pé kí kúùbù ṣúgà mẹ́rin má wọ́n nínú àpò tàbí ní etí gèlè wọn, kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé sì mọ ibi tó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta insulin, ẹ má ta abẹ́rẹ́ lásán pẹ̀lú rẹ̀, àfi abẹ́rẹ́ insulin, nítorí mílílítà kan insulin tí à ń lò jẹ́ 100 yúnìtì, ẹni tí kò mọ̀ lè fi abẹ́rẹ́ oní-mílílítà méjì gún ohun tí ó yẹ kó lò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún 16 tó ra oògùn náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán òun lọ ra oògùn mọ́ láti ìgbà yẹn. Ó rò pé òun ló fa á, bí mo sì ti ń sọ fún un tó pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kò tíì gbà. Màmá ti padà sórí metformin, wọ́n ti ń jẹ ọkà wọn lálẹ́. Bí ẹ bá gbà mí láàyè ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, n óò mú ẹ̀rọ ṣúgà mi wá, kí n fi bí a ṣe ń lò ó hàn yín láìgba owó, n óò sì mú káàdì oògùn tí wọ́n gé náà wá pẹ̀lú. Mo fi pamọ́ sínú Bíbélì mi. Oògùn mẹ́fà ló kù lára rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Masífà, Ògbómọ̀ṣọ́.